Kò Tíì Ráyè Sá

Ní agbègbè ìjọ tiwa, láti Ìkirè dé Àpòmù, títí kan Ìkòyí àti àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí àlùfáà kan tí mo mọ̀ tí kò kọ́kọ́ sá fún ìpè Ọlọ́run. Bí wọ́n bá ń jẹ́rìí nípa bí Ọlọ́run ṣe pè wọ́n, ibi tí wọ́n ti sá gan-an ni ìtàn náà ti máa ń dùn. Ọ̀kan sá lọ sí Èkó lọ ta ẹ̀yà ara mọ́tò, iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀kan sá wọ iṣẹ́ ológun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tó ṣe ìrìbọmi fún mi sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ lọ fẹ́ obìnrin tó kórìíra ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má baà gba òun. Ìyá náà ló wá di olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Ìjọ á rẹ́rìn-ín, wọn á pàtẹ́wọ́, ẹnì kan á sì kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́!" Mo ti gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Mo kà wọ́n. Kíkà nǹkan ti wọ̀ mí lẹ́wù láti kékeré.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo jókòó ní Ìkirè níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn tó fẹ́ wọ sẹ́mínárì wò, kò yà mí lẹ́nu pé ìbéèrè kejì tí wọ́n bi mí ni, "Ibo lo sá lọ?"

Mo ní, "N kò sá, sà."

Ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan ni wọ́n. Wọ́n wo ara wọn. Alága yọ awò ojú rẹ̀.

"O ò sá rárá? Kódà fún ọ̀sẹ̀ kan?"

"Rárá, sà."

Obìnrin yẹn ní, "Ẹni tí kò sá, ṣé wọ́n pè é báyìí?"

Bàbá Ìjọ wa láti Àpòmù, tó mú mi wá, wà lórí ìjókòó lẹ́yìn mi. Ó dìde, ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Kò tíì ráyè sá ni."

Ẹ̀rín bú wọn. Alága kọ nǹkan sínú ìwé, orí rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún mi, òun náà ló sì tì í mọ́ mi.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, Bàbá Ìjọ jẹ́rìí mi. Ó ní ọjọ́ mọ́kànlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wa kọjá, ní ọ̀sán gangan, tí òun bá mi lórí ìkúnlẹ̀, orí ní ìtẹ̀ba, tí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Òun kò pè mí. Òun fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn kọjá ni. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òótọ́ ni pé mo kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kúnlẹ̀ ṣe.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní dùùrù àtijọ́ kan, irú èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀ kó tó fọhùn. Eyín mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ní lójú, mẹ́rìndínlógójì funfun, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dúdú. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ahọ́n idẹ méjìlélọ́gọ́fà ló wà, méjì méjì fún eyín kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré jù lọ kò gùn tó èékánná ọmọdé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, mẹ́rìnlá nínú ahọ́n náà ti dákẹ́, eku ti bímọ sínú ẹwìrì tó ń fa afẹ́fẹ́, awọ ẹwìrì náà sì ti gbẹ bí awọ ẹja tí a yan jù. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kíbọ́ọ̀dù oníná ni àwọn akọrin ń lò, bí iná bá sì lọ, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa.

N kò kọ́ iṣẹ́ dùùrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fóònù ni mò ń tún ṣe nígbà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Ìkirè, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, mo sì mọ̀ pé nǹkan tí ènìyàn bá tú pẹ̀lú sùúrù, tó sì to ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe tú wọn, yóò ṣeé dì padà. Mo wo fídíò lórí fóònù. Mo rí ìwé àtúnṣe dùùrù kan tí kò ní èèpo mọ́ nínú àpótí ìwé àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ewé mẹ́jọ ti já nínú rẹ̀, mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Mo ra awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ aránbàtà, mo fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ ẹ́. Mo fi fáìlì tí obìnrin fi ń gé èékánná ha ìdọ̀tí lára ahọ́n idẹ kan, ó fọhùn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìfẹ́ tó mú mi rí tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ ni. Àwọn àgbà ìjọ ti fi òfin lé e pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú dùùrù náà, nítorí ẹ̀bùn ni, ẹni tó fi tọrẹ sì ti kú. Bàbá Ìjọ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa gbálẹ̀ ní ọ̀sán. Inú rẹ̀ dùn, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo máa ń gbálẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni n ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn dùùrù, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ni ẹwìrì wà, ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ tó sì tẹ orí ba kò lè rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá Ìjọ pè mí sí ìloro ilé rẹ̀. Tísà àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, oko kòkó ló kù tó ń ṣe. Bàbá mi kú kí n tó wọ ilé-ìwé girama, òun ló sì ń pè mí jókòó tí mo bá ṣe ohun tí kò dáa, òun náà ló ń fọwọ́ lé mi léjìká tí mo bá yege. Ó ní, "Mo ti rí ọ." Mo rò pé ọ̀rọ̀ dùùrù ni. Ó ní, "Mo rí ọ, mo sì dákẹ́ kí ó lè dá mi lójú. Ó ti wá dá mi lójú. Ìjọ Ìkirè ti bí àlùfáà mẹ́ta. Àwa kò tíì bí ẹyọ kan. Nígbàkigbà tí a bá pàdé wọn níbi àpérò, wọ́n á ní, 'Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yá àlùfáà lò.' Wọn ò ní í sọ ọ́ mọ́."

Ní gbólóhùn kẹta tó sọ ni mo ti lóye ohun tó rò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n fi dá a lóhùn. N kò sọ ọ́, nítorí ahọ́n idẹ mẹ́fà ṣì kù tí kò tíì fọhùn, mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, yóò gba kọ́kọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ sẹ́mínárì.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí ibi tí mo ti ń tún fóònù ṣe. Odi rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ga jù mí lọ. Aago á lù ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú mẹ́fà, a ó wọ ilé àdúrà, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin láti ibùsùn mi. Kásọ́ọ̀kì mi ní bọ́tìnnì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ènìyàn á sì de gbogbo rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dè wọ́n tán, mo wo ara mi nínú gíláàsì fèrèsé, ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n rán mọ́ inú àpò.

Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ibẹ̀, n kò ní purọ́. Ohunkóhun tó bá ti ní ètò àti ìdí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ àwọ̀ aṣọ tó yẹ kí ó wà lórí pẹpẹ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Bí ẹ bá dá ọdún fún mi, n ó fi bírò ṣírò ọjọ́ tí Àjíǹde yóò bọ́ sí láìwo kàlẹ́ńdà. Àwọn olùkọ́ ń yìn mí. Ní ọdún kejì, nígbà tí mo ti ń wá ọ̀nà àbáyọ, mo pinnu láti kùnà ìdánwò kan. Mo kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà sí ìbéèrè àkọ́kọ́, mo wò ó, ojú tì mí fún un, mo fagi lé e, mo kọ èyí tó tọ́. Mo gba ipò kejì.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò jìnnà sí géètì wa, ni màámi ti ń dín dòdò Ìkirè fún àwọn èrò ọkọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ gún, wọ́n á ṣù ú róbóróbó sínú epo pupa gbígbóná títí yóò fi dúdú. Nínú kíláàsì, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n ń pe ọjà. Láti ìgbà tí mo ti wọ kásọ́ọ̀kì, kò sí oníbàárà tó pè wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyá Àlùfáà ni gbogbo awakọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, èmi tí wọ́n bí. "Ẹ ti jẹun, Àlùfáà mi?" Bí mo bá gbọ́ "ẹ" yẹn, ọrùn mi á fún bí ẹni pé mo de bọ́tìnnì kan sí i.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún kejì ni mo mọ̀ dájú pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Wọ́n rán èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan lọ sí Ìkòyí láti bẹ ìyá kan wò tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà kú. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà yẹn jókòó ti ọkọ rẹ̀ níta. Èmi wọlé lọ bá ìyá náà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ṣé òtútù kì í mú un níbi tó wà?"

Mo ṣí ìwé àdúrà sí ojú ewé tó yẹ. Mo kà á dáadáa, mo dúró níbi tó yẹ kí n dúró. Aago kan wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Ìró rẹ̀ kò dọ́gba: ó ń ta kíá lápá kan, ó ń fà lápá kejì. Mo mọ ohun tó ṣe é. Kò dúró gbọọrọ lára ìṣó ni. Bí ènìyàn bá sún ìdí rẹ̀ díẹ̀ sí òsì, yóò dọ́gba. Mo ń kàwé lọ, mo ń rò ó bóyá apá òsì ni àbí apá ọ̀tún. Nígbà tí mo parí, mo rí i pé ìyá náà ti tú ọwọ́ mi sílẹ̀. N kò mọ ìgbà tó tú u.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Bí a ṣe ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, ìbéèrè rẹ̀ ni mò ń rò. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, n kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n fi ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nínú yàrá náà ránṣẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá màámi nídìí agbada.

"Màámi, n kò rò pé Ọlọ́run pè mí."

Wọ́n gbé ṣíbí oníhò sílẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní n kò fẹ́ ṣe é mọ́. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀."

Omi kún ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ lu itan, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n kígbe pe obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń tajà. "Ìyá wa, ẹ wá gbọ́ o! Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ó fẹ́ sá!"

"Alihamudulilai!" ni ìyẹn wí. "Ọjọ́ wo ló ń sá?"

"Kò ní í pẹ́ mọ́."

"Ẹ jẹ́ kó mú súẹ́tà dání o. Òtútù Jọ́ọ̀sì kò dáa."

"Kò sọ pé Jọ́ọ̀sì ni."

"Ibo wá ni?"

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi, wọ́n ń retí. Mo ní n kò tíì mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Bàbá Ìjọ fi í kún ìkéde ní Àpòmù, lẹ́yìn ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ wọn tó wà ní sẹ́mínárì sí àdúrà, nítorí ó ti kan ibi tí wọ́n ti ń sá. Wọ́n ní ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹni tó sọ fún mi rò pé inú mi yóò dùn.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti pa dé gan-an. Bí mo bá dúró, a pè mí. Bí mo bá kọ̀, a pè mí. Bí mo bá bínú, wọ́n á ní Ẹ̀mí ló ń bá mi jà. Mo wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ tí kì yóò di ẹ̀rí, n kò rí.

Ní ọdún kẹta, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mo kó aṣọ méjì sínú báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ bá bàbá kan tó ń tún dùùrù ṣe, ẹni tí mo mọ̀ lórí fóònù. N kò ní i lọ́kàn láti padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. Bàbá náà fún mi ní ahọ́n idẹ mẹ́rìnlélógún kí n fọ̀, mo fọ̀ wọ́n tán, ó sì wò wọ́n, ó tún fún mi ní mẹ́rìnlélógún mìíràn. Ní ọjọ́ Àìkú ni fóònù mi dún. Bàbá Ìjọ ni. Kò bínú rárá. "O ti sá, àbí? Ó dáa. Ìjọ ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti gbààwẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní í jẹun títí o ó fi padà. Òní ló di ọjọ́ kẹta."

Mo wọ ọkọ̀ Ìkirè lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pàdé mi ní géètì pẹ̀lú orin. Ọ̀kan gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Kí ló dá ọ padà? Ṣé àìsàn ni?"

"Bọ́ọ̀sì ni."

"Àní kí ni Ọlọ́run fi dá ọ padà?"

"Bọ́ọ̀sì ni mo wí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí mi yóò dùn ju ti ológun yẹn lọ.

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

"Jókòó. Ṣé o sá ni, àbí o lọ?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. "Mo lọ, sà."

"Ó yàtọ̀." Ó ń yí bírò lọ́wọ́. "Mo ti ń wò ọ́ láti ọdún kejì. Ṣùgbọ́n n kò lè lé ọ. O ò jalè, o ò lu ẹnikẹ́ni, o sì yege ohun gbogbo. Ìjọ rẹ ló fi ọ́ ránṣẹ́. Nínú òfin wa, ẹni tó buwọ́ lu ìwé tó mú ọ wá ló lè kọ èyí tí yóò mú ọ lọ."

"Bàbá Ìjọ ni, sà."

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí Bíṣọ́ọ̀bù wá fi kọ́là sí yín lọ́rùn. Lẹ́yìn kọ́là, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ Àpòmù, ó ti kúrò lọ́wọ́ èmi náà."

Mo gba àyè ní Sátidé, mo lọ sí Àpòmù. Bàbá Ìjọ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fi igi pẹlẹbẹ kan yí kòkó lórí pèpéle símẹ́ǹtì. Oòrùn ti mú, òórùn kíkan kòkó sì gba gbogbo àgbàlá. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àlùfáà! Dìde, dìde, má fi kòkó ba aṣọ jẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Mú igi kejì yẹn. Ẹni tó bá bá mi lórí iṣẹ́ á bá mi ṣe é."

A jọ ń yí i. Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ̀wé gbà mí padà."

"O ti sá, o ti padà. Ó parí. Àbí ẹ̀ẹ̀mejì ni tìrẹ?"

"N kò sá, sà. Mo lọ ni."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn kí kọ́là tó dé ọrùn wọn."

Mo mọ̀ pé bí mo bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ nígbà ogún, ìdáhùn ogún ló wà nílẹ̀. Mo gbé igi sílẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ mọ́kànlá tẹ́ ẹ bá mi lórí ìkúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbàdúrà. Ẹwìrì dùùrù ni mò ń lẹ̀."

Kò dáwọ́ dúró. Ó yí kòkó dé ìpẹ̀kun pèpéle, ó yípadà, ó ń bọ̀.

"Ọjọ́ mọ́kọ̀ọ̀kànlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe é. Mọ́kànlá lẹ rí."

"Orí tí o tẹ̀ ba ńkọ́?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ń wò."

Ìgbà yẹn ló dúró. "Mo sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Mo sọ ọ́ fún Bíṣọ́ọ̀bù. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará Ìkirè!" Ti Ìkirè yìí ló pariwo jù.

"Mo mọ̀, sà. Mo wà níbẹ̀."

"O sì ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Irọ́ ni mo pa. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tẹ́ ẹ rò, mo sì fi yín sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

"Kọ́kọ́rọ́," ló wí. Ó tún un wí. "Nítorí kọ́kọ́rọ́." Ó jókòó sórí etí pèpéle. Mo rí i pé ó ti darúgbó sí i, bóyá ó ti pẹ́ tó ti darúgbó bẹ́ẹ̀ tí n kò kíyè sí i. "Nínú gbogbo ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì yẹn, o ò gbàdúrà rárá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Lọ́jọ́ tí awọ ẹwìrì ya láàárín."

Ìró kan jáde nímú rẹ̀. Ó pa á mọ́lẹ̀ kíá, ó tún fajú ro.

Mo wá sọ ti ìyá tó wà ní Ìkòyí fún un. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ ìbéèrè tó bi mí, mo sọ ti aago ara ògiri, bí n kò ṣe mọ ìgbà tó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá fi kọ́là sí mi lọ́rùn, wọn á máa rán mi sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ títí n ó fi kú, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì máa kí mi pé ẹ ṣeun, sà. Adìyẹ kan gun pèpéle, kò lé e.

Nígbà tó yá, ó dìde, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ìwé tó nílà àti bírò, ó fa àpótí ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Kí ni kí n kọ? Kí n ní o sá?"

"Rárá, sà."

"Wọn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìkirè. O mọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"N kò tíì sọ fún wọn."

"Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ ọ́. N kò ní í kọ ìyẹn sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni."

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tísà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró lórí ìlà. Ó kà á sókè fún mi, bí ó ṣe máa ń ka ìkéde: Ìjọ Àpòmù ṣì í mú ni, òun sì ni ẹni tó ṣì í mú; ọmọ náà kò jẹ̀bi níbẹ̀; kí wọ́n dá a padà fún wa gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ. Mo ní kò yẹ kó kọ ọ́ pé n kò jẹ̀bi. Ó ní ọwọ́ ta ni bírò wà. Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì, ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó nà án sí mi láìwo ojú mi.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde, mo dìde fúnra mi. Mo fi ìwé náà sínú àpò àyà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sójú títì láti wá ọ̀kadà. N kò tíì dé ojú títì tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ìwọ! Apá ọ̀tún yẹn, o ò tíì yí i."

Mo padà. Òótọ́ ni, apá ọ̀tún ṣì kù, ó tó ìdá mẹ́ta pèpéle. Mo mú igi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láti igun, díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kankan má baà kù lábẹ́ tí oòrùn kò kàn.